Nọ́ọ̀tì Zagreb lẹ́yìn ìràwọ̀ Mọ́sìkò: ṣé ayédèrú ni?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ mọ̀ nípa àmì-ẹ̀yẹ ológun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Bàbá mi kàwé ẹnjiníà ní Zagreb, ní Yugosláfíà àtijọ́, láti 1978 sí 1983. Nígbà tí wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti padà wálé, ìyá onílé wọn fún wọn ní ìràwọ̀ kan tí ọkọ rẹ̀ tó ti kú gbà nítorí ogun Hítílà. Bàbá di olóògbé lọ́dún tó kọjá, ìràwọ̀ náà sì bọ́ sí mi lọ́wọ́.

Fàdákà ni, ó ní pupa dídán, ìbọn sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, nọ́ńbà wà níbẹ̀, ọ̀pá oníṣúkúrù kan yọ síta, nọ́ọ̀tì pẹlẹbẹ kan sì wà lórí ọ̀pá náà tí wọ́n kọ IKOM ZAGREB sí. Mo gbé àwòrán rẹ̀ síwájú àwọn olùkójọ kan. Ẹni àkọ́kọ́ ní ayédèrú ni, pé ara ìràwọ̀ jẹ́ ti Mọ́sìkò, nọ́ọ̀tì jẹ́ ti Zagreb, pé ẹnìkan ló so wọ́n pọ̀. Ẹnì kejì ní òun máa bá mi rà á ní owó táṣẹ́rẹ́. Ẹnì kẹta ní kí n gbé e fún alágbẹ̀dẹ wúrà kó dán an kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Mi ò fẹ́ tà á. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni. Ta ni kí n gbà gbọ́?

* * *

Èsì kìíní

Ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ kankan. Mo fẹ́ kí ẹ rí èyí ṣáájú gbogbo àlàyé. Bó bá fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́, tó fi aṣọ dán an, ohun tí a fi ń ka ìtàn irin náà ló fọ̀ dànù yẹn: ìdọ̀tí tó ti sùn sí kọ̀rọ̀, àwọ̀ dúdú tí fàdákà máa ń mú bó bá pẹ́, àti òrùka fẹ́ẹ́rẹ́ tí nọ́ọ̀tì ti fi ara gbo sẹ́yìn ìràwọ̀ láti àìmọye ọdún. Kò sí alágbẹ̀dẹ tó lè dá a padà.

Ó kan nọ́ọ̀tì. Ẹni tó ní ayédèrú ni, nọ́ọ̀tì nìkan ló wò. Nọ́ọ̀tì sì ni ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọnù lára àmì-ẹ̀yẹ oníṣúkúrù. Ẹ fojú inú wò ó: ọkùnrin kan fi ìràwọ̀ sí kóòtù lọ síbi ayẹyẹ, ó délé, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó tú u, nọ́ọ̀tì bọ́, ó yí lọ sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọdún yípo, ayẹyẹ dé. Òmíràn ló máa wá. Bó bá sì jẹ́ Zagreb ló ń gbé, ti Zagreb ló máa rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Mọ́sìkò ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ní 15 August 1943, àwọn ọmọ ogun Tito, ẹni tó padà di olórí Yugosláfíà, tí wọ́n ń pè ní Partisan, ṣì wà lórí òkè àti nínú igbó nígbà tí olórí iléeṣẹ́ ogun wọn kéde àwọn àmì-ẹ̀yẹ wọn àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ Partisan wà lára wọn, àti èyí tí wọ́n fi ń yìn akíkanjú. Agbẹ́lére Antun Augustinčić àti ayàwòrán Đorđe Andrejević Kun ni wọ́n ya bí wọ́n á ṣe rí. Yíyà rọrùn, ta ló fẹ́ rọ fàdákà nínú igbó tí ọ̀tá ti ń wá wọn kiri? Ilé ìrọwó àwọn ará Sófíẹ̀tì ló rọ àwọn àkọ́kọ́ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí àwa olùkójọ fi ń pè wọ́n ní “ti Mọ́sìkò”. Fàdákà ni wọ́n, wọ́n ní nọ́ńbà lẹ́yìn, wọ́n sì ní ọ̀pá oníṣúkúrù bíi ti àmì-ẹ̀yẹ Sófíẹ̀tì fúnra rẹ̀. Lójú nọ́ọ̀tì, àwọn ará Sófíẹ̀tì a máa kọ orúkọ ilé náà ní lẹ́tà tiwọn: МОНЕТНЫЙ ДВОР.

Nígbà tó yá, IKOM, ilé-iṣẹ́ kan tó ń rọ àmì-ẹ̀yẹ ní Zagreb, gba iṣẹ́ náà. ZIN ní Belgrade náà rọ tiẹ̀. ZIN yìí gan-an ni ilé tí wọ́n ti ń tẹ owó bébà, ní àdúgbò Topčider. Ìjà Tito àti Stalin, olórí Sófíẹ̀tì, sì ti bẹ́ síta ní 28 June 1948, ọ̀nà Mọ́sìkò sì dí.

Nítorí náà, ohun tó wà lọ́wọ́ yín, bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ara àtijọ́ ni tó fi nọ́ọ̀tì tuntun rọ́pò èyí tó sọnù. Mi ò tíì búra o. Ẹ ya àwòrán ẹ̀yìn rẹ̀ fún mi nínú ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, kí ẹ má lo iná fóònù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, nínú iṣẹ́ tiwa yìí ní pàtàkì.

* * *

Èsì kejì: sí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé láti àná

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Bí mo bá kó o jọ, ohun mẹ́ta lẹ ń sọ. Àwọn kan ní bí ara àti nọ́ọ̀tì kò bá ti bára mu, kí a jù ú nù. Àwọn kan ní ti Mọ́sìkò nìkan ni ojúlówó, pé àfijọ ni ti Zagreb àti Belgrade. Ẹnìkan, tí mo mọ̀ pé ó ti ń tà fún ìgbà pípẹ́, ní orúkọ ilé-iṣẹ́ kò já mọ́ nǹkan kan, iye tó bá pa wọlé ló kù.

Èyí àárín yẹn ló bí mi nínú jù, torí ó ń gba iyì lọ́wọ́ òkú. Ẹni tó jagun ní 1942 lè má gba irin rẹ̀ títí ogun fi parí. Ẹ wo Petar Leković, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní Akọni Orílẹ̀-èdè. Ní 1942 ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn, ọdún yẹn náà ló sì kú sójú ogun. Orúkọ oyè lásán ni nígbà náà. August 1945 ni wọ́n tó dá a sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì-ẹ̀yẹ tí ènìyàn ń fi sí àyà. Ọdún tí ẹnìkan ṣe akin, ọdún tí ìjọba fọwọ́ sí i, ọdún tí wọ́n rọ irin: mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ kò lè sọ fún yín ju èyí tó kẹ́yìn lọ. Ẹni tó bá rí IKOM tó wá ní “kì í ṣe ti ogun” ti fi ọdún irin dá ẹjọ́ ọdún ènìyàn.

Mo mọ̀ pé ti Mọ́sìkò ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ga. Iye owó rẹ̀ ni ìyẹn ń sọ. Ìjójúlówó ọ̀rọ̀ mìíràn ni.

* * *

Èsì kẹta

Ẹnìkan bi mí pé, ó dáa, ibo gan-an ni òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ ti wúlò?

Ó wúlò láti mú irọ́ tí ọjọ́ kò bá mu. Àwọn àmì-ẹ̀yẹ kan wà tí wọn kò dá sílẹ̀ rárá títí ìjà pẹ̀lú Stalin fi ṣẹlẹ̀. Ti Ọmọ Ogun Ènìyàn, Orden narodne armije, àti ti Àsíá Ogun, Orden ratne zastave, December 1951 ni àwọn méjèèjì. Ìràwọ̀ Yugosláfíà, February 1954. Bí ẹnìkan bá wá gbé ọ̀kan nínú wọn síwájú yín, tó ní Mọ́sìkò ló ti wá, tó tiẹ̀ fi nọ́ọ̀tì Sófíẹ̀tì hàn yín, ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan ló lọ gbé nọ́ọ̀tì yẹn síbẹ̀ torí owó. Nọ́ọ̀tì Zagreb lórí ìràwọ̀ tí Mọ́sìkò rọ bá bí ayé ṣe ń lọ mu. Nọ́ọ̀tì Mọ́sìkò lórí ohun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1951 kò bá a mu. Nọ́ọ̀tì tó yàtọ̀ ló wà lára àwọn méjèèjì. Ọ̀kan ní ìtàn tó ṣeé gbọ́, èkejì kò ní.

Ìwé-ẹ̀rí àti àpótí náà ń sọ̀rọ̀. Ẹ ka ògùṣọ̀ tó wà nínú àmì ìjọba tí wọ́n tẹ̀ sórí wọn. Márùn-ún ni títí di 1963. Láti ọdún yẹn, mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìpínlẹ̀ olómìnira mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Orúkọ orílẹ̀-èdè yí padà nígbà kan náà: FNRJ di SFRJ. Àwọn ológun náà, “Jugoslovenska armija”, ìyẹn Ọmọ Ogun Yugosláfíà, ni wọ́n ń jẹ́ títí di December 1951, kí wọ́n tó fi “ènìyàn” kún un. Bí ìwé bá ní 1947 lórí, tí ògùṣọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà, ẹ má jókòó jiyàn mọ́, ìwé náà ti jẹ́wọ́.

Mo ti rí àpótí ológùṣọ̀ mẹ́fà tí ìràwọ̀ àtijọ́ wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kò burú fún ara rẹ̀, torí àpótí máa ń bàjẹ́, wọ́n a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá tà á gẹ́gẹ́ bí “odindi, bí wọ́n ṣe fún un ní 1945” ló purọ́.

* * *

Èsì kẹrin: sí ẹni tó rí Ẹyẹ Idì Funfun ní ọjà Portobello ní London

Ẹ kọ ọ́ pé: “Mo rí Ẹyẹ Idì Funfun kan ní London. Idà méjì wà lórí rẹ̀, òǹtẹ̀ orí obìnrin wà lára òrùka, ẹni tó ń tà á ní 1916 ni wọ́n fún ọ̀gágun kan. Ṣé ó dáa?”

Ayé àwọn ọba la ti bọ́ sí yìí, ó sì jìnnà sí ìràwọ̀ àbúrò wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Ní 1883 ni Ọba Milan ti Sẹ́rbíà dá àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Ẹyẹ Idì Funfun sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pa ìdílé Obrenović run lórí ìtẹ́ ní 1903, tí Petar Karađorđević jọba, lẹ́tà orúkọ Milan kúrò lẹ́yìn àmì náà, ọdún 1882 tí Sẹ́rbíà di ìjọba ọba sì rọ́pò rẹ̀. Yugosláfíà ọlọ́ba náà jogún rẹ̀ lẹ́yìn 1918. Nítorí náà, kí ẹ tó wo idà, ẹ yí i padà.

Orí obìnrin yẹn, Diana ni, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, bí Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ti jẹ́ fún wa. Austríà lo òǹtẹ̀ yẹn fún fàdákà láti 1867 sí 1922, bí lẹ́tà A bá sì wà níbẹ̀, Vienna ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ Vienna bíi G. A. Scheid rọ àmì-ẹ̀yẹ Sẹ́rbíà dáadáa ṣáájú ogun. Ṣùgbọ́n Austríà kéde ogun sí Sẹ́rbíà ní 28 July 1914! Ta ló máa lọ ra àmì-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń yìnbọn lù ú? Iṣẹ́ náà bọ́ sọ́dọ̀ Arthus-Bertrand ní Párísì, àti Huguenin ní Le Locle ní Swítsáláńdì. Ti Párísì, orí ẹlẹ́dẹ̀ igbó lẹ ó rí, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Fàdákà Swítsáláńdì ìgbà náà tó jẹ́ 800, ẹyẹ kan tó jọ àparò ni òǹtẹ̀ rẹ̀.

Ṣé ti Portobello yẹn wá jẹ́ ayédèrú? Kò pọn dandan. Idà ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ojú ogun ni ẹnìkan ti gba tiẹ̀. Ti aráàlú kò ní idà. Ẹnìkan lè ti ní ti Vienna tó wà nílẹ̀ kí ogun tó dé, kí wọ́n fi idà kún un. Alárékérekè náà sì lè fi kún un lọ́sẹ̀ tó kọjá, torí pé onídà wọ́n ju aláìnídà. Ẹ wo ibi tí idà ti pàdé adé àti ẹyẹ. Bí ẹ bá rí òjé tó ti yọ́ tó dà bí omijé sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí omi wúrà ara idà sì pọ́n ju ti adé lọ, ẹ bi í léèrè ta ló jó o mọ́ ọn. Bí kò bá fẹ́ kí ẹ fi gíláàsì wò ó, ẹ máa lọ sílé.

* * *

Èsì karùn-ún

Wọ́n ní kí n sọ bí wọ́n ṣe gbá èmi náà. Mo máa sọ ọ́, torí ó lè gba ẹlòmíràn là.

Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn jọ ni. Ìràwọ̀ Partisan ní ipò mẹ́ta: eléwé wúrà, eléwé fàdákà, àti oníbọn. Ewé tí wọ́n hun yípo ìràwọ̀ ni mo ń sọ. Ẹnìkan gbé eléwé wúrà fún mi, ó wú mi lórí gan-an. Mo san owó tó tó owó ilé oṣù kan ààbọ̀. Nígbà tí mo délé, mo fi gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá wò ó lábẹ́ fèrèsé. Wúrà wà lórí ewé. Wúrà wà nínú ihò tó wà láàárín ewé àti ìràwọ̀. Wúrà wà lórí ìdọ̀tí! Ìdọ̀tí kékeré kan, bí ẹ̀fun gbígbẹ, tó ti wà ní kọ̀rọ̀ kan láti ọjọ́ pípẹ́, omi wúrà gùn ún lórí. Eléwé fàdákà ni wọ́n rì sínú omi wúrà láti sọ ọ́ di ipò kìíní. Ohun tó dùn mí jù ni pé eléwé fàdákà tó dáa ni tẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbà á, ipò kejì ló gbà, ipò yẹn ló sì tọ́ sí i. Wọ́n fi ìgbéga tí kò bèèrè fún ba ohun tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an jẹ́.

Owó mi kò padà wá. Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí ojú kì í tètè dé ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀: inú eyín ṣúkúrù, abẹ́ nọ́ọ̀tì, etí ihò.

* * *

Èsì kẹfà

Ẹnìkan kọ̀wé pé: “Gbogbo àtúnṣe, màgòmágó ni.” Mi ò gbà, màá sì sọ ìdí.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo wà ní Britanski trg ní Zagreb, níbi tí wọ́n ti máa ń pàtẹ ohun àtijọ́. Bàbá arúgbó kan tẹ́ aṣọ tábìlì sílẹ̀, mẹ́dáàlì rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ. Mo mú ọ̀kan. Ẹnìkan ti gé ọ̀pá oníṣúkúrù rẹ̀ kúrò, ó fi òjé jó píìnì lásán mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, iṣẹ́ náà rí gbákogbàko. Mo bi í pé kí ló dé. Ó fi ìka gún àyà kóòtù ara rẹ̀, ó wá fi àwọn ìka náà ṣe bí ẹni tó ń lu aṣọ. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yé mi tán, ìṣe ọwọ́ rẹ̀ yé mi: ọ̀pá oníṣúkúrù ń lu ihò sí kóòtù, píìnì kì í lu ihò ńlá. Ẹni tó ní kóòtù kan ṣoṣo tó dáa kò fẹ́ kó lu.

Ṣé màgòmágó nìyẹn? Ẹni tó ni ín ló tún un ṣe kó lè máa lò ó, kò sì fi pa mọ́. Mo rà á. Lójú tèmi, òjé gbákogbàko yẹn wà lára ìtàn rẹ̀ bí ojú abẹrẹ ṣe wà lára aṣọ òkè tí ìyá ẹni rán ní ibi tó ti ya. Ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn ya aṣọ rẹ̀ kó rán an, ọ̀tọ̀ ni kó gbé ṣáínì tó ra lọ́jà lánàá kó sọ pé sányán bàbá òun ni.

Àtúnṣe kan náà, ọ̀dọ̀ ẹni méjì, lè jẹ́ òtítọ́ níbì kan, kó jẹ́ olè níbòmíràn. Ìbéèrè mi lórí gbogbo ohun tí wọ́n bá fi kún irin, ọ̀kan ṣoṣo ni: ta ló jàǹfààní rẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ ni àbí ẹni tó tà á? Ìyẹn ló ń pààlà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ní ojú irin, ọjọ́ orí ló ń sọ ọ́. Àtúnṣe àtijọ́ a ti dúdú pọ̀ mọ́ ara irin, etí rẹ̀ a ti yẹ̀, ìdọ̀tí kan náà a wà lórí méjèèjì. Ní ti ẹ́námẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọ̀ pupa dídán bíi gíláàsì tí wọ́n fi iná yọ́ mọ́ irin, àtúnṣe òde òní kì í sábà rí iná. Ọ̀dà tàbí gọ́ọ̀mù tó gan ni wọ́n ń lò. Ẹ tan iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń wo owó ní báńkì sí i nínú òkùnkùn. Lọ́pọ̀ ìgbà, gọ́ọ̀mù yẹn á tàn yọ lọ́tọ̀, gíláàsì tòótọ́ á dákẹ́.

* * *

Èsì keje

Ẹnìkan bèèrè ohun tó kan Yorùbá pẹ̀lú mẹ́dáàlì Yugosláfíà. Kúkúrú ni màá dáhùn. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Badagry kọjá ti rí ọgbà ìpàtẹ ọjà àgbáyé tó wà níbẹ̀, Trade Fair. Energoprojekt, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan láti Belgrade, ló kọ́ ọ, ní àwọn ọdún 1970. Tito gúnlẹ̀ sí Tógò ní 1961 nínú ìrìn-àjò rẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ọmọ wa sì lọ kàwé lọ́dọ̀ wọn, bàbá oníbéèrè wa lára wọn. Ohun tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọ inú àpótí Yorùbá kan, ó ti kàn wá.

* * *

Oníbéèrè padà dé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun púpọ̀. Mi ò gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Mo tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀díẹ̀, ó le kí ó tó yí. Òrùka méjì ni mo rí lẹ́yìn ìràwọ̀: ọ̀kan tóbi, ó ti parẹ́ díẹ̀; èkejì kéré sí i, ó sì mọ́ yanran, òun ni nọ́ọ̀tì Zagreb bò. Irin mágínẹ́ẹ̀tì kò fà á. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n nínú omi bí ẹnìkan ṣe ní kí n ṣe, kí n lè mọ̀ bóyá fàdákà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí a ṣe ń ṣe é.

* * *

Èsì kẹjọ

Òrùka méjì! Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Nọ́ọ̀tì kan tó tóbi ju ti Zagreb lọ ti jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ rí, ó sì ti fi ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn fàdákà náà. Lẹ́yìn náà ni èyí tó wà níbẹ̀ báyìí dé, òun náà sì ti pẹ́ tó láti fi òrùka tirẹ̀ sílẹ̀. Oníjìbìtì tó so ara àti nọ́ọ̀tì pọ̀ lánàá kò lè rí àkókò ṣe òrùka méjì tí ọjọ́ orí wọn yàtọ̀. Bí alágbẹ̀dẹ bá ti dán an, òrùka àkọ́kọ́ yẹn ni ìbá kọ́kọ́ lọ.

Ìwọ̀n inú omi rọrùn. Ẹ wá òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò, tó ń ka ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù. Ẹ wọn ìràwọ̀ gbígbẹ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ fi òwú tín-ín-rín so ìràwọ̀ rọ̀ sínú omi kó má kan ìdí ife, kó má kan ẹ̀gbẹ́. Ohun tí òṣùwọ̀n bá kà nísinsìnyí ni ìwọ̀n omi tí ìràwọ̀ gba ààyè rẹ̀. Ẹ fi pín ti àkọ́kọ́, ẹ ó mọ ìlọ́po tí irin náà fi wúwo ju omi lọ. Fàdákà ojúlówó a wà ní bíi 10.3 sí 10.5. Idẹ tí wọ́n fi omi fàdákà bò a wà ní bíi 8.5. Ẹ́námẹ́ẹ̀lì fúyẹ́ púpọ̀ ju irin lọ, nítorí náà tiyín á wálẹ̀ díẹ̀. Bó bá jẹ́ 9.7 tàbí 9.8, kí ẹ̀rù má bà yín. Omi kò ní pa á lára bí ẹ bá tètè nù ún, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dá nọ́ọ̀tì padà.

Ẹ wo etí ìbọn náà pẹ̀lú gíláàsì. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń mú, etí rẹ̀ a dúró. Ohun tí wọ́n fi àwòrán ojúlówó ṣe mọ́ọ̀dù, tí wọ́n wá da irin yíyọ́ sí, a máa rọ̀ létí bí ọṣẹ tí wọ́n ti lò, ihò wínníwínní a wà lójú rẹ̀, ó sì máa ń kéré díẹ̀ sí ojúlówó, torí irin ń sún kì bó ṣe ń tutù.

* * *

Oníbéèrè

9.8 ni, ẹ̀gbọ́n! Etí ìbọn mú ṣáṣá. Ọkàn mi balẹ̀. Ẹnìkan wá kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀ pé òun lè fi nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wá orúkọ ẹni tó ni ín, kí n kàn fi owó ránṣẹ́. Ó tún ní òun ní nọ́ọ̀tì Mọ́sìkò kan tí òun lè tà fún mi kí ìràwọ̀ náà lè “pé”.

* * *

Èsì kẹsàn-án

Ẹ má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Nọ́ńbà inú irin nìkan kò tó láti fi dárúkọ ènìyàn. Ìwé-ẹ̀rí ló ń dárúkọ, ìwé yẹn kò sì bá ìràwọ̀ yín wá. Orúkọ tí ẹnìkan bá tà fún yín láìsí ìwé, ó lè jẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin ni ẹ ó sì máa fi sọ ìtàn fún àwọn ọmọ yín.

Ní ti nọ́ọ̀tì, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń fà bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi nọ́ọ̀tì Mọ́sìkò sí i lónìí, owó rẹ̀ á gòkè, ó sì máa di irọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Nísinsìnyí, òtítọ́ ló ń sọ: Mọ́sìkò rọ mí, ọkùnrin kan ní Zagreb wọ̀ mí títí nọ́ọ̀tì mi fi sọnù, ó wá òmíràn fún mi, ó tún ń wọ̀ mí lọ. Ẹni tó bá tún un “ṣe pé” á pa ọkùnrin yẹn rẹ́ kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ fi bébà tí kò ní áásìdì wé e, kí ẹ má fi í sínú ọ̀rá. Ẹ kọ ìwé kan tì í: ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, ohun tí ẹ rí, òrùka méjèèjì àti bí wọ́n ṣe fẹ̀ tó, nọ́ńbà ẹ̀yìn, IKOM ZAGREB lórí nọ́ọ̀tì, ọdún tí bàbá yín fi wà níbẹ̀. Ẹ kọ àdúgbò tí wọ́n gbé, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Orúkọ tó yẹ kí ẹ máa wá, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ló wà. Ìyá onílé yẹn lórúkọ, ọkọ rẹ̀ náà lórúkọ, bàbá yín á sì ti dárúkọ wọn nínú ilé nígbà kan. Àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sílé nígbà náà ńkọ́, ṣé ó ṣì wà nínú àpótí? Àdírẹ́sì ilé wà lẹ́yìn àpòòwé. Bí màmá yín bá wà láyé, ẹ bi wọ́n lálẹ́ òní, kí ẹ kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe pè é gan-an, kódà bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lédè ibẹ̀.